Màmá ní òun ò bá wọn dé Àfonífojì Ikú nínú ooru: Bí ìrìn-àjò ọjọ́ kan ṣe fẹ́ da ilé tọkọtaya kan rú ní Las Vegas

Ohun tó sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé àwọn Yorùbá tó wà lókè òkun, owó ni, tàbí ìyakọ tó wá kí ọmọ tí kò lọ mọ́. Ti tọkọtaya kan tó ń gbé ìlú Las Vegas, ní Amẹ́ríkà, yàtọ̀ pátápátá. Ìrìn-àjò ọjọ́ kan ṣoṣo ló dá tiwọn sílẹ̀ lóṣù Keje ọdún 2024. Màmá tó bí ìyàwó ilé ló ti Ìbàdàn wá kí wọn. Oṣù Kẹfà ló wọlé, ìparí oṣù Kẹjọ ni tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ rẹ̀ sì wà fún. Bàbá Ìbejì, ìyẹn ọkọ, wá ní kò bójú mu kí ìyá ìyàwó òun wọkọ̀ òfuurufú láti Nàìjíríà dé Las Vegas, kó má rí nǹkan kan ju ilé ìtajà àti ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Iṣẹ́ òru lòun alára ń ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì, nọ́ọ̀sì ni ìyàwó, ọjọ́ tí àwọn méjèèjì jọ máa ń wà nílé láàárín oṣù kan kò sì ju méjì lọ. Ọjọ́ kan nínú méjèèjì ló ní kí wọ́n fi lọ wo Death Valley, ìyẹn Àfonífojì Ikú.

"Irú orúkọ wo nìyẹn?" ni Màmá fi dá a lóhùn. "Ibi tí wọ́n ń pè ní ikú lẹ fẹ́ gbé arúgbó lọ?"

Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín. "Màmá, orúkọ lásán ni jàre. Ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ni."

Orúkọ náà kì í ṣe orúkọ lásán. Lọ́dún 1849, nígbà táwọn èèyàn ń sáré lọ wa góòlù ní California, àwọn kan nínú wọn ya ọ̀nà gba inú aṣálẹ̀ yìí. Ìyà tó jẹ wọ́n níbẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹnì kan kú nínú wọn, ìgbà táwọn tó kù sì rí ọ̀nà jáde ni wọ́n sọ ibẹ̀ ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Àwọn onílẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà Timbisha Shoshone, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí òyìnbó tó gbọ́ nípa góòlù rárá, kò fẹ́ràn orúkọ náà. Ta ló máa fẹ́ kí wọ́n pe ilé bàbá òun ní ikú? Wọ́n ṣì ní abúlé wọn níbẹ̀ ní Furnace Creek, ọdún 2000 sì ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin tó dá díẹ̀ padà fún wọn nínú ilẹ̀ wọn.

Ilẹ̀ ọ̀hún pọ̀. Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ọdún 1994 tí wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìjọba àpapọ̀, ó ju ìlọ́po mẹ́ta Ìpínlẹ̀ Èkó lọ dáadáa. Inú rẹ̀ ni ibi tó lọ sílẹ̀ jù lọ ní gbogbo North America wà. Badwater ni wọ́n ń pè é, ó fi ẹsẹ̀ bàtà 282 rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Ní ti ooru, lọ́jọ́ kẹwàá oṣù Keje ọdún 1913, wọ́n ka 134 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit níbẹ̀. Títí di òní, òun ló wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ooru tó ga jù lọ láyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ kan ń jiyàn rẹ̀. Ẹ rántí pé ooru oṣù Kẹta n'Ìbàdàn, èyí tí gbogbo ayé ń tìtorí ẹ̀ sùn síta, agbára káká ló fi ń kọjá 100.

Ìyá Ìbejì ti kọ ètò ìrìn-àjò náà sínú ìwé. Sátidé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje, ni wọ́n mú. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọn yóò gbéra, wọn yóò yà ní Zabriskie Point, wọn yóò rìn wọ inú Golden Canyon, aago méjìlá ọ̀sán ni wọn yóò dé Badwater láti rìn lórí ilẹ̀ oníyọ̀, ìrọ̀lẹ́ sì ni ti òkìtì yanrìn. Ìrẹsì, ẹran díndín àti ike omi méjìlá yóò wà nínú kúlà. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀, tó bá rí "Badwater, aago méjìlá ọ̀sán, oṣù Keje" nínú ìwé náà, ńṣe ni yóò káwọ́ lérí. Ṣùgbọ́n èèyàn méjì tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú láti Mọ́ńdè dé Mọ́ńdè, tí wọ́n ní ọjọ́ kan péré láti ṣeré, ojú àánú ló yẹ ká fi wò wọ́n.

Nísàlẹ̀ ìwé yẹn ni Bàbá Ìbejì ti fi bírò tirẹ̀ kọ "Racetrack" sí, ó sì fa ìlà méjì sí i nídìí. Ọkọ̀ jíìpù kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, àlòkù ni, ó sì fẹ́ dán an wò. Racetrack ni ibi táwọn òkúta ńlá ti ń rìn lórí ilẹ̀ gbígbẹ, tí ipa ọ̀nà wọn ń hàn gbangba lẹ́yìn wọn, tí ẹnikẹ́ni ò sì rí wọn nígbà tí wọ́n ń rìn. Kàyééfì lọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 2014 làwọn onímọ̀ tó jáde sọ pé àwọn ti rí i: bí òjò bá rọ̀ tí omi dúró síbẹ̀, tí òtútù òru sọ ọ́ di yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bílẹ̀ bá mọ́ atẹ́gùn á máa ti yìnyín náà, yìnyín á sì máa ti òkúta. Màmá gbọ́ gbogbo àlàyé yìí tán, ó ní òkúta tó ń rìn kò kan òun, ẹsẹ̀ tòun ni kó máa rìn. Ó gbọ́n. Máìlì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó gbẹ̀yìn ọ̀nà ibẹ̀ kò ní ọ̀dà, òkúta ẹnu ọ̀bẹ ló wà nílẹ̀, táyà ló ń jẹ. Ẹni tó bá ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tó sì ní òun máa dé Racetrack, kò ní rí ibòmíràn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí ìròyìn fi bú sórí tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹfà oṣù Keje, tó ku ọ̀sẹ̀ kan géérégé kí wọ́n gbéra, àwọn èèyàn mẹ́fà kan gun ọ̀kadà wọnú Death Valley. Ooru dé 128 lọ́jọ́ náà. Ní Badwater gan-an ni ooru ti mú wọn: ẹnì kan kú, wọ́n gbé ẹnì kejì lọ sí ọsibítù ní Las Vegas, wọ́n sì tọ́jú àwọn mẹ́rin yòókù níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi ẹlikọ́pítà wá gbé wọn, kò ṣeé ṣe. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná jù máa ń fúyẹ́, kì í lè gbé ẹlikọ́pítà ró dáadáa, bí ooru bá sì ti kọjá 120, wọn kì í sábà fò. Àwọn tó bá sì rò pé atẹ́gùn orí ọ̀kadà yóò fẹ́ àwọn, ẹ̀tàn ni. Atẹ́gùn tó gbóná ju ara èèyàn lọ kì í fẹ́ni, ńṣe ló ń se èèyàn. Lọ́jọ́ kejì, Las Vegas fúnra rẹ̀ wọ 120, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn ìbejì ló túmọ̀ ìròyìn náà fún Màmá. Màmá ò pariwo. Ó ní kí wọ́n ka ìwé ètò náà sí òun létí láti òkè dé ilẹ̀.

Ẹ má fojú kéré ìyá yìí o. Kó tó di pé ó jókòó ti ṣọ́ọ̀bù, obì ló ń gbé láti Ìbàdàn lọ sí Kano nínú lọ́rì, nígbà tí èèyàn lè sùn ọjọ́ mẹ́ta lọ́nà tí ọkọ̀ bá bàjẹ́. Ìbéèrè tó ń bi dẹ́rẹ́bà nígbà náà ló kó dé Las Vegas.

"Ibo ni epo ti máa ń tán lójú ọ̀nà yẹn?"

Bàbá Ìbejì ní ilé epo wà nínú ọgbà náà.

"Mélòó? Báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra?"

Kò mọ̀ ọ́n.

"Tí táyà bá bẹ́, ta lẹ máa pè?"

"Màmá, fóònù ń bẹ."

Ìyá Ìbejì, tó ti ka nǹkan nípa ibẹ̀, ló sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé fóònù kì í ṣiṣẹ́ ní apá tó pọ̀ jù nínú ọgbà náà. Ọkọ rẹ̀ wò ó bíi pé ó tú àṣírí òun.

"Ó dáa. Ta lẹ sọ fún pé ẹ ń lọ, tó mọ aago tẹ́ ẹ máa dé, tí yóò máa wá yín bí ẹ ò bá dé?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìbéèrè arúgbó. Lóṣù Keje ọdún 1996, àwọn ará Jámánì mẹ́rin, ọkùnrin kan, obìnrin kan àtàwọn ọmọ méjì, háyà ọkọ̀ wọ Death Valley yìí kan náà. Ìgbà tó di oṣù Kẹwàá ni òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú yí ibẹ̀ ká tajú kán rí ọkọ̀ náà nínú kòtò gbígbẹ kan tó jìnnà sí ọ̀nà gidi, táyà mẹ́ta ti jò. Wọn ò rí èèyàn kankan. Ọdún 2009 làwọn tó ń wá wọn kiri tó rí egungun, máìlì mélòó kan síbi tí ọkọ̀ wà. Ọ̀nà tó rí bí àbùjá lórí máàpù ni wọ́n gbà, nínú ọkọ̀ tí kò yẹ ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn aṣọ́gbà fi ń kìlọ̀ pé tí ọkọ̀ bá bàjẹ́, kí èèyàn má fi í sílẹ̀, torí ọkọ̀ rọrùn láti rí ju orí èèyàn lọ.

Ìbéèrè tí Màmá fi gbẹ̀yìn ló dá a sílẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, má bínú sí mi. Alẹ́ Fúráìdè, ṣé o máa lọ síbi iṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Aago mẹ́fà ìdájí ni mo máa ń dé."

"O dé ní mẹ́fà, ẹ gbéra ní mẹ́jọ. Ìgbà wo lo sùn?"

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Ìyá Ìbejì ti rí ọ̀rọ̀ oorun yìí láti ọjọ́ tó kọ ìwé náà, kò kàn lè sọ ọ́ ni. Lẹ́ẹ̀mejì ni ọkọ rẹ̀ ti tògbé nídìí ọkọ̀ lọ́dún náà, èyí tó ṣe kẹ́yìn, ẹnu géètì ilé wọn ló kù díẹ̀ kó kọlù. Ó sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Màmá wo ojú ọmọ rẹ̀, ó mọ̀ pé nǹkan wà ńbẹ̀.

"Èmi ò ní bá yín lọ," ni Màmá sọ. "Àwọn ọmọ yẹn náà ò ní lọ."

Bàbá Ìbejì dìde. Ó ní òun mọ̀ pé wọn ò ka òun sí ọkùnrin nínú ilé náà, pé owó òun lòun fi ra ọkọ̀, pé ìfẹ́ lòun fẹ́ fi hàn, ẹ̀gàn ni wọ́n fi san án. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò jẹun nílé. Ọjọ́ kẹtàlá kọjá lọ, kò sẹ́ni tó dárúkọ aṣálẹ̀.

Ohun tó bá wọn parí ìjà náà, òkèèrè ló ti wá. Sátidé, ogúnjọ́ oṣù kan náà, ọkùnrin ará Belgium kan ń rìn lórí òkìtì yanrìn ní Death Valley, bàtà sílípáàsì rẹ̀ bọ́ tàbí ó já, ẹsẹ̀ lásán ló fi tẹ yanrìn. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ jóná débi pé àwọn ẹbí rẹ̀ ní láti pe àwọn tó wà nítòsí kí wọ́n bá wọn gbé e dé ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹlikọ́pítà ò tún lè balẹ̀, àfìgbà tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé e gòkè lọ síbi tó tutù díẹ̀. Nínú fóònù, níbi iṣẹ́, ni Bàbá Ìbejì ti kà á. Nígbà tó délé ní mẹ́fà ìdájí, Màmá ń gbàdúrà lọ́wọ́. Ó dúró dìgbà tó parí, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, yanrìn tí mo ní kí àwọn ìbejì máa yọ̀ lórí rẹ̀ lèyí o." Ó sì sọ ọ̀rọ̀ oorun náà fúnra rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ọ̀rọ̀ di wí pé ìgbà wo ló wá dáa. Oṣù Kọkànlá ni, nígbà tí ooru ibẹ̀ bá ti rọ̀ wá sí bí 75 sí 80 lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹjọ ni tíkẹ́ẹ̀tì Màmá. Aláṣẹ ìwọ̀lú fún un ní oṣù mẹ́fà, ìyẹn ò le, owó ìyípadà tíkẹ́ẹ̀tì ló le, Ìyá Ìbejì sì fi iṣẹ́ àfikún ọjọ́ méjì san án. Èyí tó dun Màmá jù ni ayẹyẹ ẹgbẹ́ wọn n'Ìbàdàn tó bọ́ sí oṣù Kẹsàn-án. Ó ti sanwó aṣọ ẹgbẹ́, ó ti rán an, fìlà àti gèlè ti wà nílẹ̀. Òru ọjọ́ kan ló fi ronú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ní kí wọ́n yí tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sọ fún àbúrò òun kó wọ aṣọ náà, bó bá gba a lára.

Bí wọ́n ṣe tún ètò náà tò nìyí, ẹni tó bá ń gbèrò àtilọ lè wò ó. Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá. Bàbá Ìbejì tọrọ ààyè Fúráìdè níbi iṣẹ́, aago mẹ́jọ alẹ́ ló ti wọlé sùn. Nítorí pé oòrùn máa ń wọ̀ níbẹ̀ lásìkò yẹn kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, àárọ̀ kùtù ni kí èèyàn gbára lé. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n fi gbéra. Ọ̀nà Pahrump ni wọ́n gbà, ibẹ̀ ni wọ́n ti rọ epo kún, torí epo inú ọgbà wọ́n gan-an. Láti Las Vegas dé Furnace Creek tó bí ọgọ́fà máìlì, bíi kéèyàn ti Èkó dé Ìbàdàn kó tún padà dé agbedeméjì ọ̀nà. Gálọ́ọ̀nù omi kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, márùn-ún, àti méjì fún rédíétọ̀. Ẹ̀sítírà táyà, wọ́n fún un ní atẹ́gùn. Jáàkì, wọ́n dán an wò nílé. Máàpù oníwèé wà nílẹ̀. Ọ̀rẹ́ Ìyá Ìbejì kan níbi iṣẹ́ ni wọ́n kọ ọ̀nà gbogbo tí wọn yóò gbà fún, wọ́n ní tó bá di mẹ́sàn-án alẹ́ tí kò gbóhùn wọn, kó pe ọlọ́pàá. Wọ́n fi ìlà gbọọrọ pa Racetrack rẹ́. Bàbá Ìbejì ló pa á.

Dante's View ni wọ́n kọ́kọ́ gùn, orí òkè tó ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn tí wọ́n ti ń bẹ̀rù ooru láti oṣù Keje, òtútù ló kí wọn káàbọ̀. Ìró kejì ni Màmá fi bo orí. Àmọ́ gbogbo àfonífojì ló wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn, iyọ̀ funfun báláú títí dé ẹsẹ̀ òkè tó wà lódìkejì. Ní Zabriskie Point, ilẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè tó ká jọ bí aṣọ òfì tí wọ́n jù sílẹ̀, wọn ò lò ju ìṣẹ́jú ogún lọ. Ní Furnace Creek ni wọ́n ti sanwó, ọgbọ̀n dọ́là fún ọkọ̀ àti gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Màmá na owó jáde, wọn ò gbà á, káàdì nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀.

Ibi tí Màmá pẹ́ sí jù kò sí nínú ìwé ètò rárá. Ilé iṣẹ́ borax àtijọ́ kan ni, Harmony, tó ṣiṣẹ́ láti ọdún 1883 sí 1888. Borax ni ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń lò fún ọṣẹ àti dígí. Ìbaaka méjìdínlógún àti ẹṣin méjì ni wọ́n ń so mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù ńlá méjì, wọn yóò fa á ní máìlì 165 lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Mojave. Ohun tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹrù méjèèjì ni Màmá ń wò: táńkì omi, ẹgbẹ̀fà gálọ́ọ̀nù. Ó fọwọ́ gbá ọkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, kò sọ̀rọ̀, èkejì náà kàn rẹ́rìn-ín.

Badwater ni wọ́n ti jẹun, aago méjìlá ọ̀sán gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé àkọ́kọ́. Àkọlé kékeré kan wà lókè lára àpáta tó ń fi ibi tí ojú òkun wà hàn, àwọn ìbejì wò ó títí ọrùn fi ń dùn wọ́n. Màmá bẹ̀rẹ̀, ó fìka kan ilẹ̀, ó tọ́ ọ lá. Iyọ̀ ni lóòótọ́. Ló bá tú etí ìró rẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ méjì sí i, ó dì í. Ó ní àwọn obìnrin ẹgbẹ́ òun tó wọṣọ láìsí òun, àwọn ni yóò tọ́ ọ wò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, òfin kò gbà á o," ni Ìyá Ìbejì yára sọ. "Èèyàn ò gbọ́dọ̀ mú nǹkan kan kúrò níbí, àní òkúta."

"Iyọ̀ tó pọ̀ tó báyìí?"

"Àní bó jẹ́ ẹyọ kan, Màmá."

Màmá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbọn iyọ̀ náà dànù pẹ̀lú ìkanra.

Wọ́n yà gba Artists Drive, ọ̀nà máìlì mẹ́sàn-án tí wọn kì í padà lórí rẹ̀, tí àpáta ibẹ̀ ní àwọ̀ ewé àti pupa bí ẹni fi ọ̀dà kùn ún. Kó tó di aago mẹ́rin wọ́n ti dé orí òkìtì yanrìn Mesquite Flat, níbi tí wọ́n ti ya díẹ̀ nínú fíìmù Star Wars tó jáde lọ́dún 1977, èyí tí Bàbá Ìbejì ti wò nígbà ọmọdé. Yanrìn náà tutù. Gbogbo wọn bọ́ bàtà, Màmá náà bọ́ tiẹ̀, oòrùn sì wọ̀ lójú wọn níbẹ̀.

Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Ìyá Ìbejì pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé àwọn ti délé. Nígbà tí Màmá ń pààrọ̀ aṣọ, iyọ̀ díẹ̀ já bọ́ láti etí ìró rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá. Bàbá Ìbejì tó ń gbé kúlà kọjá rí i. Ó lọ mú ìgbálẹ̀.